Iná Tó Ń Gbọ́ Àgò

Màmá mi kò gbà pé etí àwọn ti di. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn èèyàn ìsinsìnyí kì í lanu sọ̀rọ̀ mọ́, pé inú imú ni gbogbo wọn ti ń sọ ọ́. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà bí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Wọ́n á wò yín láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ tún un sọ, kí ẹ sì la ẹnu yín dáadáa.

Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ayépé ni wọ́n ń dá gbé látìgbà tí bàbá ti kú. Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, Odògbólú ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kì í yà wò wọ́n. Àwa méjì péré ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Èkó. Òun ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi dé sí Ayépé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń ké "Àgò onílé o" títí ohùn rẹ̀ fi ha. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó pe fóònù Màmá, fóònù ń dún nínú ilé, òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ ọ láti ìta, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbé e. Ló bá fo ògiri wọlé. Ó bá Màmá ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń wọ ilé ní Èkó, tí wọn kì í kí onílé mọ́?"

Kò tíì kúrò níbẹ̀ tó fi pè mí. "Mo ti rò pé wọ́n ti kú," ó ní. "Mo dúró lẹ́nu géètì yẹn, mo ti ń ro ẹni tí mo máa kọ́kọ́ pè." Ó ní òun kò lè fara da irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní Sátidé tó máa gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀, òun máa mú ọkọ̀ wá, Màmá á sì kó lọ sọ́dọ̀ òun. Mo fẹ́ bá a jà, torí mo mọ ara mi, inú mi kì í pẹ́ ru. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi náà ti dúró lẹ́nu géètì yẹn rí, tí àyà mi ń já.

Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Nígbà tí mo lọ wò wọ́n, wọ́n ń nu fèrèsé pálọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fi ilé sílẹ̀, kó fi í sílẹ̀ ní mímọ́. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó, wọ́n ká àkísà ọwọ́ wọn sórí itan wọn. "Bó bá ti di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ," wọ́n ní, "àlejò ni mí nìyẹn. Èmi ni n ó máa ké àgò títí n ó fi kú, àwọn ni yóò máa dá mi lóhùn." Mo bá wọn nu èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń fi ọwọ́ mi ṣe. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn inú rédíò ju ohun tó ń sọ lọ. Màmá nà mí nítorí pé mo tú rédíò bàbá wa palẹ̀, tí n kò sì lè tò ó padà. Ní ọjọ́ orí mi yìí, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí a ti jẹun, mo máa ń gbé awò mi wọ̀, màá jókòó ti tábìlì mi, màá máa jó lẹ́ẹ̀dì tí mo fi ń so wáyà pọ̀. Ọkọ mi ti gba kámú. Kì í ṣe nǹkan ńlá ni mo ń ṣe. Mo ti ṣe iná kékeré tó ń tàn bí omi bá kún tánkì, mo sì ti ṣe èyí tó ń sọ fún wa pé iná ìjọba ti dé. Irú iná atọ́ka bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Wọn kì í tan ilé, wọ́n kàn ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fúnni ni.

Mo bá ní kí n ṣe ọ̀kan fún Màmá. Bọ́tìnnì á wà lẹ́nu géètì. Bí àlejò bá tẹ̀ ẹ́, iná á tàn nínú ilé, Màmá á rí i, wọ́n á dáhùn. Bí wọ́n bá ti ń dá àlejò lóhùn, kí ni ẹ̀gbọ́n mi tún fẹ́ wí?

Iná kékeré kan ṣoṣo kò lè tó fún ẹni tó dojú kọ ẹ̀gúsí. Mo to méjìlá papọ̀, pupa rokoso. Ṣùgbọ́n wáyà tó ti géètì wá sí ẹ̀yìnkùlé gùn, ó sì tín-ín-rín, kò lè gbé agbára tí iná méjìlá ń fẹ́. Iṣẹ́ tiransísítọ̀ nìyẹn. Kò ju kóró ẹ̀wà kan lọ, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Bí agbára tín-ín-tín bá ti kan ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ náà, yóò ṣí ọ̀nà fún agbára ńlá láti gba ẹsẹ̀ méjì yòókù kọjá. Nígbà tí Màmá ń ṣe olùkọ́, ìka kan ni wọ́n máa ń gbé sókè, gbogbo kíláàsì á sì dìde. Ìka yẹn kò gbé ẹnikẹ́ni dìde, ó kàn pàṣẹ ni.

Inú rédíò bàbá wa náà ni mo ti yọ èyí tí mo lò. Bẹ́ẹ̀ ni, rédíò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà mí, mo ṣì tọ́jú rẹ̀ sínú páálí. Mo gbà lọ́kàn mi pé ẹsẹ̀ àárín ló ń gba àṣẹ, torí bó ṣe rí lára àwọn tí mo máa ń rà nìyẹn. Odidi ọjọ́ méjì ni kò fi tàn. Mo bú u, mo bú ẹni tó ṣe é, ọkọ mi yọjú láti yàrá, ó ní ta ni mò ń bá jà. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, mo fi mítà tí a fi ń wọn agbára iná wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń gba àṣẹ, kì í ṣe ti àárín. Ẹ̀bi mi ni, mi ò bi í léèrè. Mo yí i padà, iná méjìlá sì tàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo lọ kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé ní Ayépé, mo fi irú rẹ̀ kan sí pálọ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára géètì pé, "Ẹ TẸ IBÍ." Mo tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, Màmá rí i. Wọ́n ní ó pọ́n jù, ṣùgbọ́n mo rí i pé inú wọn dùn. Mo padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo bi wọ́n bóyá iná tàn. Wọ́n ní rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní, "Ó ń sùn." Mo lọ tẹ̀ ẹ́ wò, ó tàn kedere. Bẹ́ẹ̀, àlejò ń wá. Ìyá tó ń gbé ilé kejì sọ fún mi pé òun ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti gbé ewé wá fún Màmá, òun ké àgò títí, òun sì padà sílé.

"Ìyá, ẹ ò rí bọ́tìnnì tó wà lára géètì ni?"

"Mo rí i."

"Ẹ ò ka ohun tí mo kọ síbẹ̀?"

"Mo kà á." Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú mi. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ṣé èèyàn á dé ilé onílé, kò ní kí ilé, á wá máa fi ìka tẹ ara géètì wọn? Ọ́fíìsì là ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi dé ibi tó le. Mo wakọ̀ délé, mi ò jẹun. Mo ń sọ fún ọkọ mi pé àwọn èèyàn yìí ló máa jẹ́ kí wọ́n gbé ìyá mi lọ, pé kí ló wà nínú kí èèyàn tẹ nǹkan. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Bí o bá débẹ̀, ṣé o máa ń tẹ̀ ẹ́?"

Látìgbà tí mo ti ṣe iná náà tán, mo ti lọ sí Ayépé tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Yàtọ̀ sí ìgbà tí mo fẹ́ dán an wò, n kò tẹ̀ ẹ́ rí. Bí mo ṣe ń dé ẹnu géètì, àgò ni mò ń ké, fún ìyá tí mo mọ̀ dájú pé wọn kò ní gbọ́, lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣílẹ̀kùn. Èmi tí mo ṣe é! Ojú tì mí débi pé ẹ̀rín pa mí.

Bọ́tìnnì náà ni mo yọ. Bí ó bá jẹ́ pé àgò ni wọ́n máa ké, iná gbọ́dọ̀ gbọ́ àgò. Mo yọ máìkì kékeré kan lára fóònù tó ti kú, mo fi í sínú ìdérí ìpara, mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó nítorí òjò àti èèrà. Ohùn èèyàn kéré púpọ̀ sí títẹ̀ ìka, kò tó nǹkan kan nínú wáyà. Tiransísítọ̀ kan kò dá a gbọ́. Mo ní láti lo méjì: ti àkọ́kọ́ gbé ohùn náà sókè díẹ̀, ó sì fà á lé èkejì lọ́wọ́, èkejì ló wá pàṣẹ fún iná. Mo tún fi nǹkan kékeré kan sí i tó ń tọ́jú agbára, kí iná náà má bàa kú kí ẹni tó ké àgò tó pa ẹnu dé.

Ọjọ́ tí mo lọ gbé e síbẹ̀, mo fi Màmá sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní, "Ewúrẹ́ kí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dá a lóhùn." Ọ̀kadà náà kí wọn, ẹni tó ń gún nǹkan lódìkejì títì náà kí wọn. Mo yí kókó kékeré tó ń dín agbára rẹ̀ kù, irú èyí tí wọ́n fi ń dín ohùn rédíò kù, mò ń ké àgò, mò ń sáré wọlé lọ wò ó, títí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró ti géètì gan-an, tó sì lanu dáadáa, nìkan ló ń gbọ́. Bí Màmá ṣe fẹ́ kí gbogbo ayé máa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn tèmi nìkan ni mo fi dán an wò, Sátidé sì ku ọ̀la.

Ẹ̀gbọ́n mi dé bó ṣe sọ, òun àti awakọ̀ kan, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù funfun. Mo ti ń dúró dè é níta. N kò tíì sọ nǹkan kan fún un, torí ẹ̀rù ń bà mí pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí kò bá ṣiṣẹ́. Ó ti ń fa kọ́kọ́rọ́ yọ, èyí tó gbà lọ́wọ́ Màmá lọ́jọ́ tó fo ògiri.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ kí ilé ná."

"Ta ni yóò dáhùn?"

"Ẹ ṣáà kí ilé."

Ó wò mí. Ó sọ "Àgò o" jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fi tẹ́ mi lọ́rùn. Kò sí nǹkan kan. Inú ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ronú kan kókó tí mo yí, pé mo ti yí i kọjá ààlà, pé ọwọ́ ara mi ni mo fi lé ìyá mi kúrò nílé wọn.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa," mo ní.

Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó súnmọ́ géètì, ó la ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Àgò onílé o!"

A dúró. Awakọ̀ náà ń wò wá. Láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn olùkọ́ náà jáde, tó mọ́ gaara, bó ṣe máa ń rí nígbà tí a wà ní kékeré: "Àgò yà! Ẹ máa wọlé!"

Ẹ̀gbọ́n mi kò wọlé. Ó di irin géètì mú, omi ti kún ojú rẹ̀, ó sì tún ké e lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé kò gba etí ara rẹ̀ gbọ́. "Àgò onílé o!"

"Mo ní àgò yà!" Màmá ti ń bínú. "Àbí etí yín di ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí awakọ̀, ó ní kó pa ẹ́ńjìnnì, pé a ò kó ẹrù kankan mọ́.