Wọ́n Ti Là Á

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo wà ní Àpòmù nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Ó ti ń rọbí fún ọjọ́ méjì kí bàbá mi tó rí mọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ kan tó ń ti Ìbàdàn bọ̀, tó ń lọ kó kòkó ní Gbọ̀ngán, dúró níwájú ilé wa. Kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá o! Ọkọ ọmọ yín ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ti là á o!"

Ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. "Ọlọ́run, o ṣeun! Ọmọ mi ti là!"

Èmi kò lè bá wọn yọ̀. "Là" tí mo mọ̀ kò ju ti àáké lọ. "Ìyá àgbà, ṣé bí wọ́n ṣe ń la igi ni?"

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Mo ní ó là."

Nígbà tí Bàbá àgbà ti oko dé, wọ́n ní, "Kí ni awakọ̀ náà wí gan-an? Ṣé ó là ni, àbí wọ́n là á?"

"N kò mọ̀ mọ́," ni Ìyá àgbà wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá àgbà wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Èmi lọ bi tíṣà wa. Wọ́n kọ "là" sójú pátákó. "Ẹni tó la ìjà ya àwọn tó ń jà sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni a ti rí làjà. Bóyá ẹni tó là náà, ṣe ni a yà á kúrò lọ́wọ́ ikú. Àmọ́ bóyá ọ̀rọ̀ kan ni, bóyá méjì ni, n kò lè sọ."

Orí mi tún wá dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú mi, ìyá mi ti là, ó sì ti di méjì. N kò mọ èyí tí yóò máa bá mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá àgbà àti ìyá mi dé pẹ̀lú ọmọ obìnrin jòjòló. Mo yí ìyá mi po lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára di ikùn mú. Nínú yàrá ló ti fi ojú ọgbẹ́ náà hàn mí.

"Ibí ni wọ́n là."

"Ṣé ó dùn yín?"

"N kò mọ̀. Wọ́n ti kùn mí lóorun. Nígbà tí mo jí, ọmọ ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì."

Ó ní kí n bu omi wá fún òun. Ẹ̀yìn ni mo fi rìn jáde, kí ojú mi má baà kúrò lára rẹ̀.