Bàbá Tí Mo Kà fún Ìjọ

Mo rántí bí táì ṣe ń fún mi lọ́rùn lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi ní Ìpotì, tí mo ń gbàdúrà pé kí ẹgbẹ́ akọrin tètè parí kí n lè bọ́ síwájú ìjọ. Ẹkún kọ́ ló ń gbọ̀n mí. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí mo kọ ni mo ń kánjú láti kà. Ìtàn kékeré mi kan ti jáde nínú ìwé ìròyìn nígbà náà, àwọn ará ilé ti sọ mí di òǹkọ̀wé wọn, èmi náà sì ti gbà láìjanpata. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi bẹ̀ mí: "Ọmọ mi, kọ ọ́ kí n gbọ́ ọkọ mi níbẹ̀." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. N kò bi í léèrè ohunkóhun. Kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ìwé kíkọ?

Mo kọ ọ́, ó kún. Mo pe bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó, ní ìràwọ̀ tó wọ̀ àti òkun tí kì í gbẹ, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò fojú kan òkun rí. Mo ní kò bínú rí láyé rẹ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àbúrò bàbá mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo gbé ìdílé ga.

Nígbà tí èrò túká, mo lọ bá ìyá mi ní yàrá, mo ń retí oríyìn.

"Ọkùnrin tí o kà yẹn dáa o," ló wí, "àmọ́ n ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó máa ń fìbínú kúrò n'ulé láàárọ̀, tó máa ń di uṣu sísun bọ̀ fún mi láti oko, tí á gbé e kalẹ̀ láìfọhùn, ìgbà wo lẹ sin ìyẹn?"

Ojú tì mí wọ eegun. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, irọ́ ní ń mú wá. Mo ti ka irọ́ lórí òkú bàbá mi, níwájú aya rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ tí mo ti ń fi yangàn. Mo máa ń jókòó ti ìyá mi bó bá ń bó ẹ̀gúsí, màá bi í léèrè, màá gbọ́. Mo rí i pé ibi tí n kò bá ti mọ nǹkan kan ni mo ti máa ń kó ọ̀rọ̀ ńláńlá dí i. Mo tún ìtàn bàbá mi kọ, mo ya á, mo tún un kọ. Bí mo bá kà á, ìyá mi á dá mi dúró: "Kì í yára rìn báyẹn." Màá pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín níbi tí bàbá ti ń bá òjò jà nítorí kòkó tó sá sóòrùn, ó sì fi etí ìró bojú. Ó ní kí n tún un kà.

Lónìí, àwọn ènìyàn láti Ìjerò àti Arámọkọ máa ń gbéṣẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wá fún mi, wọ́n ní ọwọ́ mi dán. Mo máa ń dúpẹ́, ojú á sì máa tì mí. Ẹyin lohùn. Àwọn tó kún ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà ti gbé ìwé ètò ìsìnkú tí a tẹ ìtàn náà sí lọ sílé, kò sì sí bí mo ṣe lè gbà á padà. Ìyá mi nìkan ló gbọ́ bàbá mi. Ẹni tí àwọn yòókù bá mi sin, n kò mọ̀ ọ́n.