Bí Mo Ṣe Lọ Wádìí Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì fún Ọmọ Mi

Bí ọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, ṣé ẹ máa fà á lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ ni? Ẹ ó kọ́kọ́ wádìí. Ẹ ó bi aládùúgbò, ẹ ó wo bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí yóò máa sọ ìgbà tí ọmọ yín máa jẹun àti ìgbà tó máa sùn, orí fóònù lẹ ti máa gbà á. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi obìnrin. Ó ṣiṣẹ́ ọsibítù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́: òun nìkan, odidi wọ́ọ̀dù kan, gbogbo wọn ń pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan ó wá sí ìsọ̀ mi l'Ọ́jà Ọba, níbi tí mo ti ń ta ẹja gbígbẹ, ó ní, "Màámi, mo ti fi ọsibítù sílẹ̀."

"Ṣé o ti rí òmíràn?"

"Mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí mo ń wò."

Ara mi balẹ̀. Ẹni tí ìsọ̀ mẹ́ta wà níwájú rẹ̀ kì í kánjú ra ti àkọ́kọ́.

Ọ̀kan jẹ́ ilé-ìwé n'Ígèdè, tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ náà ló tún ń bójú tó ilé ìdáná, wọn kì í sì í sanwó fún un nígbà ọlidé. Mo bi ọmọ mi pé, "Ṣé ikùn tìrẹ náà máa ń lọ ọlidé ni?" Ìkejì ni oko adìyẹ ńlá kan lọ́nà Ìjàn, tó ń wá nọ́ọ̀sì fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ mi ti lọ wò ó. Adìyẹ wọn ní dókítà tirẹ̀. Àwọn ènìyàn ní páálí kan tí oògùn ẹ̀fọ́rí wà nínú rẹ̀.

Ìkẹta ni ìtọ́jú Màmá kan nínú ilé rẹ̀ níbí l'Ádó. Ọ̀gá ilé-ìwé ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun ló sì ń wá nọ́ọ̀sì. Owó tirẹ̀ ló pọ̀ jù, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara fu mí. Ẹja tó bá tóbi tó tún pọ́ọ́kú, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

Ọmọ mi ní kí n má dá sí i o, òun kì í ṣe ọmọdé mọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo kó ẹja sínú abọ́, mo gbé e rù, ó di ilé Màmá.

Mẹ́gáàdì ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo bi í bóyá Màmá máa ń lé nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Màmá kọ́, Ìyá. Ògiri ló ń lé wọn." Mo rò pé ọkùnrin yìí ti mu nǹkan.

Mo wọ pálọ̀, ta ni mo bá? Ọmọ mi. Òun náà wá wo ibẹ̀. Ó ti di apá Màmá mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Màámi! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ẹja ni mo wá tà. Ìwọ ńkọ́?"

Màmá wo èmi, ó wo òun, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. "Imú yín jọra," ó ní.

Ìgbà náà ni ògiri sọ̀rọ̀. "Nọ́ọ̀sì, ta ló gbé abọ́ wọlé yẹn?"

Díẹ̀ ló kù kí n da ẹja nù. Mo wòkè, mo rí kámẹ́rà kan lókè fèrèsé, tó ń yí ojú tẹ̀lé mi bí òwìwí. Ọmọ Màmá ló ń sọ̀rọ̀ látinú rẹ̀, láti òkè òkun lọ́hùn-ún.

"A ò ra ẹja," ó ní.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ọ̀gá Ògiri. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́ ni, àbí Màmá?"

Ọmọ mi fojú bá mi wí, ó kọjú sí kámẹ́rà. Mo ti rí i tó ń ná ọjà rí, n kò tíì rí i kó ná iṣẹ́. Ó ní òun yóò wẹ Màmá, òun yóò fún un lóògùn, òun yóò máa mú un rìn. Òun kò ní se oúnjẹ àlejò, òun kò ní fọ aṣọ gbogbo ilé. Lópin ọ̀sẹ̀, kí nọ́ọ̀sì mìíràn wá gbà á lọ́wọ́ òun. "Nọ́ọ̀sì tí kì í sùn, sà, yóò ṣi oògùn fún ènìyàn lọ́jọ́ kan."

Ọkùnrin náà gba gbogbo rẹ̀. Mo ti ń yọ̀.

"Ó ku ẹyọ kan, sà. Kámẹ́rà kejì tó wà nínú yàrá Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́."

Ògiri gbaná. Báwo ni òun yóò ṣe mọ̀ pé wọn kì í lu ìyá òun? Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ló ń sá fún?

"Ní pálọ̀, ẹ máa wò mí títí ilẹ̀ fi máa ṣú, sà. Inú yàrá ni mo ti máa bọ́ Màmá láṣọ."

"A jẹ́ pé ẹ máa lọ nìyẹn."

Ọmọ mi gbé báàgì rẹ̀. Owó ńlá yẹn ń fa ahọ́n mi, mo fẹ́ sọ fún un pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa wò. Ṣùgbọ́n mo wo Màmá, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ̀yin ti wí?"

Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀. A dúró dè é. Nígbà tó dé, èdè Èkìtì ló bá wá, kì í ṣe ti ọ̀gá ilé-ìwé. "Ulé mi ni," ó ní. Ó mí, ó kọjú sí kámẹ́rà. "Èmi ni mo wẹ̀ ọ́ dàgbà. Ìwọ kọ́ ni yóò máa wò mí níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ mí."

Ohùn ògiri wá kéré bí ti ọmọdé. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Kí mẹ́gáàdì yọ ọ́."

Mẹ́gáàdì gun àga nínú yàrá Màmá, mo bá a di àga mú. Kò tíì gbé kámẹ́rà náà jáde tán tí Màmá fi na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sí ọmọ mi. "Wẹ̀ mí," ó ní. "Nísinsìnyí."

Ọmọ mi sọ báàgì kalẹ̀. Ó mú un wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí omi ń dà, tí àwọn méjèèjì ń tàkúrọ̀sọ.

"Ìyá Ẹlẹ́ja," ògiri pálọ̀ ní, "kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ yẹn?"

Mo jókòó sórí àga rẹ̀ tó dára jù. "Kò kàn yín, sà."