Bí A Ṣe Gbé Tóbi Dé Ọgbà Ìṣeré Etí Òkun

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ rárá ní ọjọ́ tí a gbéra ní Bódìjà. Àwa márùn-ún ni: Kọ́lá ọmọ mi, ìyàwó rẹ̀ tí mò ń pè ní Ìyá Dámi, Dámi fúnra rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, Tóbi àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù méje, àti èmi ìyá wọn àgbà. Ẹni tó bá rí ẹrù tí a kó síta á rò pé Mẹ́kà là ń lọ. Èkó ni, a ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹrù Tóbi ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: àpò ìlédìí, àpò aṣọ, fúláàsì ògì, fúláàsì omi gbígbóná, àti kẹ̀kẹ́ ọmọ tí àbúrò Ìyá Dámi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Èmi mú ọ̀já méjì. Mo wo kẹ̀kẹ́ yẹn títí, mi ò sọ nǹkan kan.

Kí n sọ òótọ́, ìrìn àjò náà kì í ṣe ti Tóbi. Ti Dámi ni. Kí wọ́n tó bí Tóbi ni bàbá Dámi ti ṣèlérí fún un pé òun á mú un dé ọgbà ìṣeré ńlá kan tó wà létí òkun, kó lè gun kẹ̀kẹ́ òkè tó ń gbé èèyàn yí dókè, kó sì ti orí rẹ̀ rí òkun tí kò rí rí. Wọ́n dá ọjọ́, oyún ní òun ò fẹ́. Wọ́n bí Tóbi tán, wọ́n tún dá ọjọ́, ibà Tóbi dé. Ọmọ tó ti ń dá ní ìyá àti bàbá wá di ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé, “Rọra, àbúrò rẹ ń sùn.” Kò lu Tóbi, kò já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára àga ni, ìyẹn ló sì ń dùn mí. Mo tọ́ ọmọ tèmi, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ọmọ tó ń bínú sàn ju ọmọ tó dákẹ́ lọ.

Àlhájà, aládùúgbò wa, ti kírun tán, ó jáde wá sìn wá dé ẹnu géètì. Dámi lọ dúró níwájú rẹ̀.

“Àlhájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bá wa mú Tóbi?”

Àlhájà bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé kí n bá yín mú un títí ẹ ó fi dé ni, àbí ẹ fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ?”

“Ẹ lè máa mú un lọ, mà,” ni Dámi wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ìyá Dámi nìkan ni kò dénú.

Múfú, awakọ̀ tí Kọ́lá pè, gbé wa gba Agbowó kọjá sí Ọ̀jọ́ọ̀, ó forí lé Mọ́níyà níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra. Ó ń fi dígí wò mí lẹ́yìn.

“Màmá, ẹ̀yin náà ń lọ ṣeré?”

“Èmi ń lọ pọ̀nmọ ni.”

“Ha! Wọ́n á gbé yín gun nǹkan níbẹ̀ o.”

Mo ní kó máa wo ojú ọ̀nà.

Ọkọ̀ ojú irin ìsinsìnyí kì í ṣe irú èyí tí a wọ̀ lọ́mọdé. Dùgbẹ̀ la ti ń wọ tiwa, àwọn tó ń ta ẹyin sísè á sì máa sáré tẹ̀lé fèrèsé. Fèrèsé tòde òní kò ṣeé ṣí, òtútù inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé mo ní láti fi ìbọ̀sẹ̀ sí Tóbi lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kò yí padà. Kí a tó dé Omi-Àdìó, ìyá kan tó jókòó níwájú wa ti yíjú, ó na ọwọ́: “Ẹ gbé ọkọ mi fún mi.” Mo gbé e fún un. Láti ibẹ̀ Tóbi bọ́ sọ́wọ́ sójà kan, sójà gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí a fi máa rí àpáta Abẹ́òkúta níta, bísíkíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà ẹlòmíì wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá ní orúkọ, àwa náà kò bi ẹnikẹ́ni. Igba ojú ní ń tọ́mọ, bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Dámi kọjú sí fèrèsé ní tirẹ̀.

A sùn sí ilé ìbátan wa kan ní Súrùlérè. Ó fi ìrẹsì àti ẹja tútù ṣe wá lálejò. Ọbẹ̀ náà dùn, àmọ́ ata rẹ̀ kò dé ìdajì tiwa n’Íbàdàn. Mo bá wọn se mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ de ọjọ́ kejì.

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, ọmọkùnrin tó ń yẹ àpò wò ní wọn kì í gbé oúnjẹ wọlé, àfi ti ọmọ ọwọ́. Mo ní ti ọmọ ọwọ́ ni. Ó wo odindi kúlà mọ́ínmọ́ín, ó wo Tóbi.

“Màmá, òun nìkan?”

“Ó ń jẹun dáadáa, a dúpẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ ká kọjá. Nígbà tí mo gbọ́ pé omi inú ike tí à ń rà ní irínwó náírà ní Bódìjà ti di ẹgbẹ̀rún kan nínú ibẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ pé mi ò ṣẹ̀. Iyanrìn ló pọ̀ jù nínú ọgbà náà. A kò tíì rìn jìnnà tí táyà kẹ̀kẹ́ ọmọ fi rì, tí ó kọ̀ tí kò lọ mọ́. Mo yọ ọ̀já, mo pọn Tóbi. Mi ò sì sọ nǹkan kan nígbà náà pàápàá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí kẹ̀kẹ́ òkè rí, irin róbótó ńlá kan ni, ó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ, wọ́n wá so àga mọ́ ọn yí ká. Ẹ ó jókòó, wọn á fi irin há yín mọ́ àga, á sì rọra máa gbé yín yí láti ilẹ̀ dókè. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá gùn ún, ọmọ ọwọ́ kò sì gbọ́dọ̀ gùn ún rárá. Kọ́lá ló yẹ kó bá Dámi gùn ún. Ó gbójú sókè wò ó, òyì kọ́ ọ níbi tó dúró sí, ló bá ní òun ń lọ ra gúgúrú. Tóbi ti bì sí ìyá rẹ̀ láṣọ nígbà tó gbà á láti fún un lọ́mú, mo tún pọ̀n ọ́n, ìyẹn náà ti wá omi lọ. Ó wá ku èmi àti Dámi lórí ìlà, Tóbi lẹ́yìn mi, ó sì kàn wá.

“Màmá, ọmọ ẹ̀yìn yín ò lè gùn ún o,” ni ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wí.

Mo ní kó jẹ́ ká dúró de ìyá rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá dúró á padà sí ìdí ìlà, ìlà náà sì gùn dé ẹnu ọ̀nà. Dámi kò sunkún. Ó wo Tóbi, ó wò mí.

“Kò burú, Mọ́mì àgbà. Mo mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè nítòsí wa ní, “Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mà, ẹ jẹ́ n bá yín pọ̀n ọ́n. Èmi ò gun nǹkan kan, àwọn ọmọ mi ni mo dúró dè.” Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti tú ọ̀já.

Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ òkè gbé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀ ni làákàyè mi dé. Mi ò mọ orúkọ obìnrin yìí. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Èkó ni mo sì wà! Mo kígbe pé kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, ta ló fẹ́ gbọ́? Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù.

Dámi di ọwọ́ mi mú. “Mọ́mì àgbà, ẹ má bẹ̀rù. Mò ń wò ó.”

“O rí i?”

“Ó wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n dúró lábẹ́ agboòrùn, wọ́n ń jó fún un.” A tún gòkè sí i. “Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti he é. Ó ń rẹ́rìn-ín.” Ó na ọrùn. “Ha, Mọ́mì ti dé! Wọ́n ń sáré! Wọ́n ti di aláṣọ ìyeyè mú!”

“Kí ni wọ́n ń ṣe?” ni mo kígbe.

“Wọ́n ń fa Tóbi… wọ́n ń sọ̀rọ̀… aláṣọ ìyeyè ń nawọ́ sí wa lókè. Mọ́mì ti rí wa! Ẹ lajú, Mọ́mì àgbà, àwọn méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín!”

Mo lajú. Òkun tẹ́ rẹrẹ níwájú wa, ó ń dán nínú oòrùn, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì wà lórí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní, “Dámi, òkun rèé! Wò ó!”

Kò yíjú. “Ìbọ̀sẹ̀ kejì ti fẹ́ bọ́,” ni ó wí.

Alákàn tó ń fojú ṣọ́rí kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù fò lọ. Nígbà tí ó tún gbé wa yí, mo pariwo bí ọmọdé. Ẹ̀yin tí mo kọ́ níwèé, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọmọ Ṣakí ni aláṣọ ìyeyè. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ bá wa jẹ mọ́ínmọ́ín lábẹ́ agboòrùn. Ìyá Dámi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán, ó sì tọ́ sí mi. Kọ́lá gbé gúgúrú dé, ó ń bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a padà dé Bódìjà, láti inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń ro ohun tí màá sọ pé ìrìn àjò náà kọ́ mi. Igba ojú ní ń tọ́mọ lóòótọ́, àmọ́ kí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ fún ẹlòmíì kọ́kọ́ béèrè orúkọ. Mo rò pé ẹ̀kọ́ náà ti tán síbẹ̀.

Àlhájà ti ń dúró dè wá. “Ẹ káàbọ̀ o! Ọmọ tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ dà?” Ó na ọwọ́, mo gbé Tóbi fún un, ó sì gbé e lọ jókòó síwájú ilé tirẹ̀. Kọ́lá ń kó ẹrù wọlé, Ìyá Dámi ń pe Dámi kó wá wẹ̀. Dámi kò lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ lérán.

“Dámi, wọlé,” ni mo wí. “Àlhájà la gbé e fún. A mọ̀ wọ́n.”

“Mo mọ̀, mà,” ni ó dáhùn, kò wo ọ̀dọ̀ mi. “Mò ń wò ó ni.”