Aṣòfin tí Wọ́n Fi Pamọ́ sí Hótẹ́ẹ̀lì

Ohun tí kò bá yé mi máa ń bí mi nínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi. Ìyẹn ló fà á tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Akka jà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé àbúrò àwọn ọkùnrin jẹ́ aṣòfin ní ìpínlẹ̀ wọn, ní gúúsù Íńdíà. A wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ ní Sharjah, gosiló ti dè wá mọ́lẹ̀. Mo wo bàtà wọn tó ti jẹ lẹ́yìn, mo wo báàgì ọ̀rá tí wọ́n fi gbé oúnjẹ ọ̀sán, mo ní, “Akka, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n Honourable wo ló ń sùn ní bedspace?”

Akka kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni àbúrò náà tà kó tó wọlé, kò sì tíì sí nǹkan kan tó wọlé padà.

Akka ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní èdè tiwọn, gbogbo àwa obìnrin tí a jọ háyà bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan nínú yàrá kan ní Al Muteena, ní Dubai, sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Òyìnbó tó wọ́ ni a fi ń bára wa sọ̀rọ̀, pẹ̀lú Hindi díẹ̀díẹ̀ tí mo ti he láàárín ọjà. Akka ń ṣa aṣọ òkìrìkà nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Industrial Area. Èmi ni sikiọ́ríìtì ẹnu géètì ibẹ̀. Àárọ̀ là ń jọ lọ, ìrọ̀lẹ́ là ń jọ bọ̀, ilé aṣòfin àbúrò wọn sì di ọ̀rọ̀ tí a fi ń pa gosiló.

Mo fẹ́ kó yé mi. Ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Akka ní láyé ọba, ọba ló kọ́kọ́ ń pe àwọn onílẹ̀ àti oníṣòwò jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lásìkò ọdún ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n wá sọ ohun tó ń dun ìlú. Wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọn ò lè ṣòfin. Ìgbìmọ̀ míì tún dé lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ṣa àwọn ìlú tó ń sọ èdè kan náà kúrò lábẹ́ àwọn ìpínlẹ̀ míì, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀ ọba yẹn, ilé aṣòfin sì fẹ̀ sí i. Mo ní àṣé bí ìgbà tí wọ́n bá kó àwọn Yorùbá Kwara àti ti Kogi wá bá wa ni. Akka ò mọ Kwara. Wọ́n ní bóyá.

Ibi tó ti wá rú mi lójú pátápátá ni ti gómìnà. Lọ́dọ̀ wa, gómìnà ni gbogbo nǹkan, bó bá sín, àwọn aṣòfin á kí i. Akka ní gómìnà tiwọn, láti Delhi ni wọ́n ti ń yàn án wá, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ọ̀pọ̀ jù nínú ilé kékeré bá tì lẹ́yìn ló ń ṣèjọba, ọjọ́ tí wọn ò bá sì tì í lẹ́yìn mọ́, ó parí. Ilé kékeré kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ilé méjì ni ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ní. Ilé kékeré ni gbogbo ìlú dìbò yàn, àga tó lé ní igba ló wà níbẹ̀. Ilé àgbà ní àga tí àwọn olùkọ́ ń yàn, ó ní èyí tí àwọn tó ti gboyè yunifásítì ń yàn, ṣùgbọ́n kò lè yọ ìjọba nípò.

“Kí ló wá dé tí ẹ ń pe èyí tó lágbára ní kékeré?” Ohùn mi ti lọ sókè, àwọn èèyàn inú bọ́ọ̀sì ń wò wá.

Akka ní àwọn ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a.

Lọ́jọ́ míì wọ́n ní àwọn àga kan wà nínú ilé kékeré yìí tó jẹ́ pé àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti fìyà jẹ láti ayébáyé nìkan ló lè dupò sí i, àmọ́ gbogbo àdúgbò ló máa dìbò. Inú mi dùn. Mo kígbe pé “Zoning!” nítorí mo rò pé mo ti rí ibì kan dì mú. Akka ní kì í ṣe zoning rárá, wọ́n ṣàlàyé, mo sì tún sọ ọ́ nù.

Báyìí ni a wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn aṣòfin kan kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹgbẹ́ alátakò ní àwọn tó kù kò tó láti dá ìjọba dúró mọ́, kí wọ́n wá dìbò nínú ilé. Ẹgbẹ́ àbúrò Akka, tó ń ṣèjọba, bá kó gbogbo aṣòfin wọn sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n kó wọn lọ sí hótẹ́ẹ̀lì kan láàárín oko kọfí, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má baà rà wọ́n kí ọjọ́ ìdìbò tó pé.

Mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin ará Ìbàdàn kan tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi. Ó dìde jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, honourable tí wọ́n seize phone ẹ̀ bí ọmọ boarding house? Abeg. Ẹ jẹ́ n sùn.”

“Akka ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà ẹ gbà gbọ́? Khalas, ó tán, good night.”

Akka ò rí ohun àrà kan níbẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni pé ìyá wọn ò yá, àbúrò yìí sì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí.

Màmá kú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Àbúrò wọn obìnrin tó wà nílé ló pè. Mo rí Akka láti ẹnu géètì, wọ́n jókòó sórí ìdì aṣọ, fóònù wà létí wọn. Ọ̀gá wa, tí “yalla, yalla”, ẹ ṣe kíá, kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, wò wọ́n, ó ní “Khalas, ẹ jókòó síbẹ̀,” ó sì lọ.

Mo fi géètì sílẹ̀ fún ẹnì kejì mi, mo lọ bá wọn. Akka ní lọ́dọ̀ àwọn, òkú kì í sùn sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi iná sun òkú Màmá kí oòrùn tó wọ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ tanná ràn án. Oòrùn tiwọn sì máa ń wọ̀ ṣáájú tiwa.

Mo ní, “Akka, ẹ ní kí wọ́n gbé Màmá lọ sí mọ́ṣúárì. Wọ́n á dúró dè é níbẹ̀ títí tí ìdìbò á fi parí. Bàbá tèmi lo oṣù méjì níbẹ̀ kí gbogbo ọmọ tó dé.” Mo rò pé mò ń tù wọ́n nínú ni. Akka wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n gbé ìyá wọn jù sí ààtàn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Fóònù àbúrò wọn ọkùnrin ò lọ. Wọ́n pe dírẹ́bà rẹ̀, ó ní òun ò sí lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ìgbà tó yá wọ́n rí ọkùnrin ẹgbẹ́ kan tó ń mójú tó hótẹ́ẹ̀lì náà bá sọ̀rọ̀. Ó kí wọn kú ìrọ́jú. Ó ní ọ̀nà ò dáa, bí aṣòfin kan bá jáde, àwọn alátakò lè já a gbà lójú ọ̀nà, àti pé ẹnì kan péré tó bá dín, ìjọba ti ṣubú. Akka ní, “Ṣé ẹ ti sọ fún un?” Ọkùnrin náà ní àwọn á bá a sọ ọ́. Wọ́n tún pè é lọ́sàn-án, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò gbé fóònù mọ́.

Ohun tó ń pa Akka nìyẹn, ju ikú Màmá fúnra rẹ̀ lọ, wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi. Wọn ò mọ̀ bóyá ọmọ náà gbọ́ tó kọ̀ láti wá, tàbí ó wà níbẹ̀ tó ń jẹun tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò mọ̀ pé òun ò ní ìyá mọ́. Èmi náà ò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì. Àánú wọn ń ṣe mí, inú ń bí mi sí ilé kékeré, sí ilé àgbà, àti sí ọba tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kò wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ló tanná ran Màmá. Akka wò ó lórí fóònù, láàárín àwọn sòkòtò jíǹsì, èmi ni mo bá wọn di fóònù náà mú.

Ọjọ́ ìdìbò bọ́ sí àsìkò oúnjẹ ọ̀sán wa. A jókòó sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, a ń wo ilé aṣòfin lórí fóònù Akka. Ariwo pọ̀, mi ò gbọ́ ohun kankan. Akka ní àwọn tó ń ti ìjọba lẹ́yìn máa dìde ní ìlà àga kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kà wọ́n lórí ìdúró. Ìlà kan dìde, wọ́n jókòó. Òmíràn dìde. Akka bá di apá mi mú.

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n fá orí rẹ̀ kodoro.

Akka ti ṣàlàyé fún mi lọ́sẹ̀ yẹn pé ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kú ló máa ń fárí. Àwọn tó yí i ká wọ aṣọ funfun nigínnigín, irun wọn ń dán. Òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, ó ń wo iwájú títí wọ́n fi kà á kọjá.

“Ó mọ̀,” ni Akka wí.

Mo wo ojú wọn bóyá ìbínú ni tàbí ìtura. Mi ò rí i kà. Nígbà tó yá, ẹni tó ń ka ìròyìn ní àwọn tó dìde ò pé iye tó yẹ, ìjọba ti ṣubú. Mo ní, “Akka, ẹ gbọ́? Wọ́n ti ṣubú náà.” Wọ́n ti fa àwòrán náà padà sẹ́yìn, síbi orí tí wọ́n fá yẹn, wọ́n fi àtàǹpàkò bo irun àwọn tó kù.

Wọ́n ní, “Nínú hótẹ́ẹ̀lì yẹn, ta ló bá a fá a?”