Nígbà Tí Ìyá Ọkọ Mi Ní Kí N Má Kúnlẹ̀

Òórùn ọsàn ló máa ń gbé ọkàn mi padà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe òórùn oògùn, kì í ṣe ti ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀. Ọsàn ni, ọsàn tútù tí a fi abẹ́rẹ́ gún títí tí omi rẹ̀ fi ń ṣàn wọ apá aṣọ wa. Òmìnira Gáná ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ káàkiri Ákírà, gbogbo ọ̀dọ́ ló ń sọ pé òun máa di nǹkan, èmi náà kò sì fẹ́ kí wọ́n lọ kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo ti jáde ilé ìwé girama, mo ti lọ́kọ, mo sì ti bí ọmọbìnrin kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Wọn kì í gba abiyamọ sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àgbà tí gbogbo nọ́ọ̀sì ń sá fún, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní òun á dán mi wò fún oṣù mẹ́ta. Tí mo bá yege nínú ìdánwò àfọwọ́ṣe tó wà ní ìparí rẹ̀, mo dúró nìyẹn. Tí n kò bá yege, kí n padà sílé lọ tọ́ ọmọ mi. Kò sí pé a tún un ṣe.

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Abọ́ tánńganran ni wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n sì ti ń wò ó pé èmi ni n óò gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ìwọ tó mọ̀wé tó báyìí, ṣé ìgbẹ́ ẹni ẹlẹ́ni lo wá fẹ́ máa kó?” Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n kùn títí, wọ́n sì na ọwọ́, wọ́n gba ọmọ, wọ́n pọ̀n ọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé la ń dà kọ. Olùkọ́ á kà, àwa á kọ, ilẹ̀ á ṣú, a ó lọ sílé. Mo lè sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì ọsibítù rí. Mo ti gbà pé nọ́ọ̀sì ni mí. Mo tilẹ̀ ti ń bá àwọn ará ilé wa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí gbogbo wọn ń ṣàìsàn lójú rẹ̀.

Ìgbà náà ni olùkọ́ tuntun dé, obìnrin Gã kékeré kan tó ń rìn bíi pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó gbé agbọ̀n ọsàn kan kalẹ̀ lórí tábìlì. “Ẹ pa ìwé dé,” ó ní. “Ìwé kì í ṣàìsàn.”

Háà, inú mi dùn! Ó kó abẹ́rẹ́ lé wa lọ́wọ́, ó ní ọsàn ni awọ ara èèyàn, kí a gún un kí ó má mọ̀ pé a gún òun. Ọjọ́ kejì, ó ní kí ìdajì wa dùbúlẹ̀ bí aláìsàn kí ìdajì tó kù máa tọ́jú wa. Wọ́n yí mi sí ọ̀tún bí àpò iṣu. Wọ́n fi ṣíbí bọ́ mi ní kókò, ìyẹn ògì tiwọn, nígbà tí mo na gbalaja, ó sì ṣàn wọ etí mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó yẹ kí a gbé orí aláìsàn sókè kí a tó bọ́ ọ. Ó wà nínú ìwé mi o, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́! Láti ìgbà náà, eré ni mo ń sá lọ sílé ẹ̀kọ́ láràárọ̀.

Àfi ọjọ́ tí orúnkún mi dójú tì mí. Olùkọ́ ní kí ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Fante, ṣe bí arúgbó. Aláwàdà burúkú ni. Àdúgbò tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí ni wọ́n ti bí i, ó sì gbọ́ èdè wa díẹ̀. Ó wé gèlè bojú, ó ń kérora, “Yéè! Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ń ro mí o!” Mo ti fọ ọwọ́ mi bó ṣe yẹ, abẹ́rẹ́ tí a ti sè wà nínú tíréè mi. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.” Tíréè bá mi kanlẹ̀, owú inú rẹ̀ sì yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀rín sọ. Arúgbó wa dìde jókòó, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Gáná pè mí. “Ei, Alata! Ṣé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lo fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ ni?”

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe, mo tún kúnlẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ohùn àgbà kí mi, ilẹ̀ ni mo ń lọ. Olùkọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Mi ò ní kí o má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kan ilẹ̀ ọsibítù kò tún gbọdọ̀ kan aláìsàn. Tí o bá kúnlẹ̀ báyìí lọ́jọ́ ìdánwò, Mátírọ́ọ̀nù ò ní bi ọ́ nídìí. Ilé ni wàá lọ.”

Mo délé, mo rò ó fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Mo rò pé inú wọn dùn pé ọ̀nà ti là fún mi láti wá jókòó sí ìsọ̀. Wọ́n ní, “Kí wọ́n lé ọ nítorí pé o ò mọ̀wé, mo lè gbà. Kí wọ́n lé ọ nítorí pé a kọ́ ọ nílé? Láéláé!”

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé tíréè tánńganran tuntun kan bọ̀ láti ìsọ̀, wọ́n tú gèlè, wọ́n sì gun orí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n dùbúlẹ̀.

“Ó yá, aláìsàn ni mí. Wá tọ́jú mi.”

Mo gbé tíréè wá, ọsàn kan ń yí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti délé ọkọ, ẹ bá mi rò ó wò. Bí mo ṣe rí ojú wọn lórí ìrọ̀rí, orúnkún mi ti ń rọ̀.

“Má kúnlẹ̀!”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà…”

“Mo ní má kúnlẹ̀! Ta ló ń jẹ́ ìyá ọkọ rẹ níbí? Mo ní aláìsàn ni mí!”

Mo dúró. Mo mú apá wọn. Wọ́n ní, “Ṣé bí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ṣe ń di èèyàn mú nìyẹn, bí ẹni fẹ́ pa adìẹ?” Mo rọra dì í mú. Ọmọ mi jókòó sílẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé àgbàlá yọjú lójú fèrèsé, ó figbe ta, “Ẹ gbà mí o! Ìyàwó dúró lé ìyá ọkọ lórí!” Ìyá ọkọ mi dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, “Ẹ jẹ́ ó dúró! Èmi ni mo ní kó dúró!”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí ọjọ́ ìdánwò fi pé. Wọ́n á ti ọjà dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì dá àìsàn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ibà ni, lọ́jọ́ kejì ẹsẹ̀ ló kán. Mo fura pé wọ́n ń gbádùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Aláìsàn gidi ni. Orí mi fò lọ nígbà tí mo rí i: ìyá àgbà Yorùbá kan tó ń ta iṣu ní ọjà Agbogbloshie, ilà Ọ̀yọ́ lójú wọn. Mátírọ́ọ̀nù dúró lápá ọ̀tún, olùkọ́ mi dúró lápá òsì. Mo gbé tíréè mi dé, mo kí ìyá náà ní Yorùbá. Ojú wọn là.

“Ọmọ wa ni ọ́? O sì dúró lé mi lórí bí igi ọ̀pẹ?”

Orúnkún mi méjèèjì gbọ́. Mo sọ fún yín, wọ́n gbọ́! Ṣùgbọ́n ohùn kan ké nínú etí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé wa, “Má kúnlẹ̀!” Mo na ẹsẹ̀ mi.

Mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Mo ti fọ ọwọ́ mi nítorí yín. Tí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, ìdọ̀tí ilẹ̀ á bá mi dé ara yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ yìí tán, n óò kí yín bó ṣe yẹ.”

Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí, wọ́n sì na apá. Mo gún un bí ọsàn. Wọ́n ní, “Ìgbà wo lo fẹ́ gún un?” Mo ní, “Mo ti gún un tán, mà.”

Mo gbé tíréè lọ, mo fọ ọwọ́ mi. Mo wá padà wá, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún mi méjèèjì, mo kí ìyá náà, wọ́n sì wúre fún mi títí.

Mátírọ́ọ̀nù yí padà. “Kí ni ìyẹn ń ṣe nílẹ̀?”

Olùkọ́ mi ní, “Ti ìdánwò ti parí, mà. Ti ilé wọn ló ń ṣe.”

Mátírọ́ọ̀nù kàn mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe yege nìyẹn. Eré tí mo sá délé lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ kankan kò bá mi.

Ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́ fún wa ti ń lọ sílé ìwé báyìí, àbúrò rẹ̀ ló wà lẹ́yìn mi. Èmi náà ti ń gbé agbọ̀n ọsàn síwájú àwọn ọmọ tuntun, mo sì máa ń rí àwọn tó ń fi ẹnu mọ iṣẹ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n nígbà kan. N kì í bá wọn jà. Mo kàn ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí ògì ṣàn wọ wọn létí díẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi mọ ẹni tó wọ tèmi sí mi lọ́rùn.

Ìyá ọkọ mi kò dá àìsàn sílẹ̀ mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà ti mú wọn ní òótọ́. Láràárọ̀ ni mò ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Mo máa ń dúró ṣinṣin, wọ́n á sì máa ṣọ́ orúnkún mi pẹ̀lú ẹ̀rín lójú. Tí mo bá gbé tíréè kúrò tán, tí mo fọ ọwọ́, mo máa ń padà wá kúnlẹ̀ síwájú wọn. Wọ́n á ní, “Dìde, nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́.” Mo gbọ́ràn nígbà tí wọ́n ní kí n má kúnlẹ̀. Ti kí n dìde yìí, mi ò kánjú.