Pákó Abẹ́ Fèrèsé Yàrá Màmá Mi

Kò sí ohun tó ń rí mi lára tó kí ènìyàn máa fi ọ̀dà bo ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn nílé wa ní Baṣọ̀run. Bí Kérésì bá ti ń súnmọ́lé, a ó ra ọ̀dà funfun, a ó fi kun pákó tó wà lábẹ́ fèrèsé gbogbo yàrá àti pálọ̀, kí àlejò má baà ní ilé ti gbó. Ibi tó bá ti luhò, a ó po èérún igi mọ́ gọ́ọ̀mù, a ó fi dí i, a ó tún kùn ún. Àlejò á dé, á gbé àwo ìrẹsì lé e, á ní ilé yìí mà dára o.

Lọ́dún tó kọjá, ikọ́ mú màmá mi, kò lọ. Wọ́n lo oògùn títí ó fi sú wọn. Abẹ́ fèrèsé yàrá wọn gan-an ni wọ́n ń gbórí sí sùn, mo sì ń gbọ́ òórùn kan níbẹ̀ tí àwọn ò gbọ́ mọ́. Mo ní kí a yọ pákó náà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní olóògbé bàbá mi ló fọwọ́ ara wọn yan igi yẹn ní ìsọ̀ pákó Bódìjà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án. A fà á títí, kí wọ́n tó gbà kí káfíńtà yọ ẹyọ kan péré wò.

Káfíńtà ti irin bọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè. Háà! Ikán ti jẹ igi tán, ọ̀dà nìkan ló dúró. Ìgbẹ́ eku, ìyẹ́ aáyán, ẹyin ọmọńlé àti òkú èkúté kan tó ti gbẹ, gbogbo rẹ̀ ya sórí ìrọ̀rí màmá mi, nítorí a ò tiẹ̀ rántí sún bẹ́ẹ̀dì. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu, ó dúdú, ó ń yọ̀. Ṣíọ̀! Mo sáré bọ́ síta lọ tutọ́. Gbogbo wa pátá ló rí mi lára lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo padà wọlé, màmá mi fi ìborùn bomú, wọ́n ń sọ pé kí káfíńtà yọ gbogbo èyí tó kù nílé. Ẹnu yà mí, mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọn ò wojú mi.

"Ibí ni bàbá yín ń gbórí sí," wọ́n ní. "Wọ́n wúkọ́ títí wọ́n fi lọ. A ní ogbó ni."